Kásẹ́ẹ̀tì PSA tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì: ta ni ó wúlò fún?

PSA ni èròjà kan tí pròsítéètì, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, ń ṣe, tó sì ń dé inú ẹ̀jẹ̀; bó bá pọ̀ jù, ó lè jẹ́ àmì jẹjẹrẹ. Kásẹ́ẹ̀tì tó ń fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ wá a yìí ni àwọn ẹgbẹ́ àti ìjọ sábà máa ń lò bí wọ́n bá ń ṣe àyẹ̀wò pròsítéètì lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ọkùnrin ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Àwọn kẹ́mísì kan sì ń tà á fún ẹni tó bá fẹ́ gún ìka ara rẹ̀ nílé. Owó rẹ̀ kò tó ti láàbù, èsì rẹ̀ sì ń jáde kí ènìyàn tó mu gààrí tán. Ibi tó dára sí nìyẹn. Ibi tó kù sí ni pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló lè dáhùn: ṣé PSA inú ẹ̀jẹ̀ yìí ti dé 4 ng/mL (òṣùwọ̀n tí láàbù fi ń ka PSA) àbí kò tíì dé e? Bí àtẹ́rígbà ló rí. Ó lè sọ pé ẹni tó ń wọlé ga débi tó fi ní láti tẹrí ba. Kò lè sọ bó ṣe ga tó.

Bí a bá já ọ̀rá rẹ̀, ike funfun pẹlẹbẹ kan ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin. Ihò tí a kọ S sí ni ẹ̀jẹ̀ ń kán sí. Ojú gígùn tó tẹ̀ lé e ni ìlà pupa ti ń jáde. Ẹ wo ojú gígùn yìí dáadáa kí ẹ tó sanwó, nítorí oríṣi méjì ló wà. Oríṣi kan ní C (ìlà tó ń fi hàn pé kásẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́) àti T (ìlà PSA fúnra rẹ̀) nìkan. Nínú èyí, bí T bá ti lè hàn, bó ti wù kó ṣá tó, PSA ti dé 4 tàbí ó ti kọjá a. Oríṣi kejì ní C, R àti T, R sì ni òṣùwọ̀n 4 níbẹ̀. T tó bá ṣá ju R lọ kò tíì dé 4; èyí tó bá R dọ́gba wà ní nǹkan bíi 4; èyí tó pọ́n jù ú lọ ti kọjá. Ìlà T ṣíṣá kan náà, “ẹ lọ rí dókítà” ni nínú oríṣi kìíní, “kò tíì débẹ̀” ni nínú oríṣi kejì. Ẹni tó bá ń fi ti ọ̀kan ka èkejì lè dá ẹni tó yẹ kó lọ sílé ìwòsàn padà sílé. Bí C kò bá jáde rárá, èsì kankan kò sí níbẹ̀. Ẹ jù ú nù, kí ẹ mú òmíràn.

Lílò rẹ̀ kò le, àmọ́ ó ní ìkánjú tó ń bà á jẹ́. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ọwọ́, ẹ fi sípíríìtì nu ìka, kí ẹ dúró kó gbẹ. Sípíríìtì tí kò gbẹ á bá ẹ̀jẹ̀ pò. Ẹ gún ẹ̀gbẹ́ ìka àárín tàbí èyí tó tẹ̀ lé e, kì í ṣe orí ìka gan-an. Ẹ nu ẹ̀kán àkọ́kọ́ dànù. Ẹ má fún ìka pọ̀ bí ẹni tó ń fún ọsàn, omi ara ló máa ń bá a jáde. Ọ̀pọ̀ páálí ń fẹ́ ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ 2, lẹ́yìn náà ẹ̀kán 1 láti inú ìgò omi kékeré tó bá a wá. Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó, tàbí tó ti dì kó tó dé ihò, kì í ṣàn dé ibi ìlà. Orí tábìlì títẹ́jú ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Ìṣẹ́jú 10 ni wọ́n sábà máa ń ní ká kà á, kò sì yẹ ká tún kà á lẹ́yìn 20, torí ìlà èké lè jáde bó bá ti gbẹ. Ìwé inú páálí ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́ bí iye tirẹ̀ bá yàtọ̀.

Ooru tún ń bà á jẹ́. Láàárín ìwọ̀n 2 sí 30 lórí sẹ́ńtígíréèdì ló yẹ kó wà, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù onípáànù tàbí ẹ̀yìn mọ́tò ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sàn-án. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ń kó páálí sí, ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Èyí tí wọ́n ti já ọ̀rá rẹ̀ sílẹ̀ láti àárọ̀ kò ṣe é lò mọ́.

Àwọn nǹkan kan tún wà tó ń gbé PSA sókè láìsí jẹjẹrẹ: kí pròsítéètì kàn tóbi lásán, àkóràn ojú ìtọ̀, rọ́bà ìtọ̀, àti kí omi ọkùnrin ti jáde láàárín wákàtí 48. Eré ìdárayá líle wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó gun ẹṣin níbi Ojúde Ọba, kó jẹ́ kí ọjọ́ 2 kọjá. Ẹni tó ní àkóràn, kó tọ́jú rẹ̀ tán, kó dúró tó ọ̀sẹ̀ 6. Èyí tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ló burú jù. Finasteride àti dutasteride, oògùn tí wọ́n ń fún àwọn bàbá tí ìtọ̀ wọn ń dá dúró, ń gé PSA sí ìdajì bí a bá ti lò ó tó oṣù 6. Ìyẹn ni pé 3.5 wọn, 7 ni. Kásẹ́ẹ̀tì kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń lo oògùn.

Bí èsì bá ti ju 4 lọ, kì í ṣe ìdájọ́ ikú. Nínú ọkùnrin 4 tí PSA wọn wà láàárín 4 sí 10, bí ẹnì 1 ni wọ́n ń rí jẹjẹrẹ lára rẹ̀. Bí kò bá sì tó 4, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí pé kò sí, torí jẹjẹrẹ máa ń wà lára àwọn kan tí tiwọn kò tó bẹ́ẹ̀. Láàbù ni ìgbésẹ̀ tó kàn: ẹ̀jẹ̀ inú iṣan, kò pọn dandan kí ẹ gbààwẹ̀, iye gidi ni kẹ́ ẹ gbà, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ìwé rẹ̀. Ẹ̀rọ láàbù kan kì í bá ti òmíràn mu tán, nítorí náà ibì kan náà ni kẹ́ ẹ ti máa ṣe é. Dókítà ìtọ̀ á fi ìka yẹ pròsítéètì wò láti ìdí, ó lè ní kẹ́ ẹ ya MRI (àwòrán inú ara), kó tó wá gé ẹran díẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni OOUTH wà ní Ṣàgámù, ti Babcock wà ní Ìlíṣàn. Ìtọ́jú onítànṣán wà ní UCH Ìbàdàn àti LUTH, Èkó. Kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ pròsítéètì ni wọ́n ń gé lójú ẹsẹ̀. Èyí tí kò lágbára, wọ́n lè máa ṣọ́ ọ.

Ẹni tó ti gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ pròsítéètì, kó má ra kásẹ́ẹ̀tì yìí rárá. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ pròsítéètì kúrò, PSA yẹ kó lọ sílẹ̀ ju 0.1 lọ. Bó bá padà dé 0.2, tí àyẹ̀wò kejì sì sọ bákan náà, dókítà á ti máa wá ibi tí àrùn ń gbà padà. Kásẹ́ẹ̀tì á ṣì máa sọ pé kò sí nǹkan kan títí iye yẹn yóò fi di ìlọ́po 20. Lẹ́yìn ìtànṣán, iye tó kéré jù tí PSA dé ni wọ́n ń fi 2 kún; bó bá gòkè débẹ̀, wọ́n á gbà pé àrùn lè ti padà. Bákan náà ni ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ goserelin, èyí tó ń dín họ́mọ̀nù ọkùnrin kù. PSA rẹ̀ lè máa gòkè láti 0.5 sí 2 láìdé àtẹ́rígbà.

Àwọn tó ṣe é rà fún ni régberégbe (ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí kan náà ní Ìjẹ̀bú) tàbí ìjọ tó fẹ́ ṣa àwọn tó yẹ kó lọ sí láàbù jáde láàárín èrò púpọ̀, àgàgà àwọn tó ti lé ní 45, tàbí 40 bí bàbá tàbí arákùnrin wọn bá ti ní in. Irú C, R àti T la fara mọ́ jù. Kí ẹni méjì ka ìlà kọ̀ọ̀kan lójú mọ́mọ́, kí wọ́n béèrè oògùn tí onítọ̀hún ń lò kí wọ́n tó gún un, kí wọ́n kọ èsì àti nọ́ńbà páálí sínú ìwé, kí wọ́n sì ti bá láàbù kan sọ ọ́ ṣáájú. Ẹgbẹ́ tí kò bá lè ṣe ìyẹn, kó kó owó náà fún láàbù tààrà, kódà bí iye ènìyàn tí yóò kárí bá dín kù.