Nancy Drew, Judy Bolton, Penny Parker: Ẹ̀dà Àkọ́kọ́ Ta Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Rà?

Bí ẹ bá fẹ́ máa ṣa àwọn ìwé ìtàn ọmọbìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti Amẹ́ríkà ayé àtijọ́ jọ, orúkọ mẹ́ta yìí ni ẹ ó kọ́kọ́ bá pàdé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo fì sí: ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, tó sì fẹ́ ẹ̀dà àkọ́kọ́ tó dájú, ìyẹn èyí tí wọ́n tẹ̀ nígbà tí ìwé náà kọ́kọ́ jáde, kó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Judy. Nancy ló lókìkí jù, òun náà ni wọ́n sì fi ń rẹ́ni jẹ jù.

Ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1930 ni ilé iṣẹ́ Grosset & Dunlap ní New York gbé ìwé Nancy Drew mẹ́ta jáde lẹ́ẹ̀kan náà, 50 sẹ́ǹtì ni wọ́n ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan. Carolyn Keene ni wọ́n kọ sára wọn pé ó kọ wọ́n, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé. Mildred Wirt ló jókòó kọ wọ́n, dọ́là 125 ni wọ́n sì san fún un lórí ọ̀kan. Iye ìgbà yòówù kí wọ́n tún ìwé wọ̀nyí tẹ̀, ọdún 1930 yẹn ni wọ́n ń fi sílẹ̀ nínú wọn. Òǹtajà tó bá ní "ọdún tó wà nínú rẹ̀ nìyí, ẹ̀dà àkọ́kọ́ ni" kò tíì sọ nǹkan kan.

Ohun tí ẹ ó yẹ̀ wò ni orúkọ àwọn ìwé mìíràn tí wọ́n polówó sínú rẹ̀ àti sára bébà aláwòrán tí wọ́n fi bò ó. Bí *The Secret of the Old Clock*, tí í ṣe ìwé àkọ́kọ́ gan-an, bá dárúkọ *The Clue of the Tapping Heels* tó jáde ní 1939, ẹ̀dà náà kò lè jẹ́ ti 1930 láé. Lẹ́yìn náà, ẹ wo èèpo. Búlúù ni ti ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́tà aláwọ̀ ọsàn ló wà lára rẹ̀, kò sì sí òjìji ọmọbìnrin tó mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá dání níbẹ̀. Ọdún 1932 ni òjìji yẹn dé. Ẹ ṣí i: ewé tó kọjú sí èèpo yóò mọ́ láìsí àwòrán, àwòrán mẹ́rin tí Russell H. Tandy yà yóò sì wà nínú rẹ̀ lórí bébà dídán. Ẹ ka iye orí tó ní pẹ̀lú. Ìtàn àtètèkọ́ṣe ní orí 25. Láti 1959 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwọn ìtàn náà kọ, tí wọ́n gé wọn kù sí 20. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tí Applewood Books tún tẹ̀ láti 1991, torí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe wọ́n kí wọ́n jọ ti àtijọ́ ni. Ìwé dáadáa ni fún kíkà, kì í ṣe ohun tí à ń wá.

Grosset & Dunlap kan náà ló tẹ Judy Bolton, ìwé 38, láti 1932 dé 1967. Margaret Sutton tó wà láyé lóòótọ́ ló kọ gbogbo rẹ̀, kò sì sí ẹni tó wá tún un kọ lẹ́yìn rẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀. Judy ń dàgbà, ó tilẹ̀ lọ́kọ, nígbà tí Nancy dúró sójú kan. Omi tó ya wọ ìlú nínú ìwé àkọ́kọ́ wá láti inú ìṣẹ̀lẹ̀ gidi, ìyẹn ìdídò Austin tó ya ní Pennsylvania ní 1911. Àyẹ̀wò orúkọ ìwé tí mo sọ lókè ni ẹ ó lò fún òun náà. Àwọn tó ń lé e kò tó àwọn tó ń lé Nancy, owó rẹ̀ sì rọjú, àfi àwọn ìgbẹ̀yìn. Wọn ò tẹ̀ wọ́n púpọ̀, *The Secret of the Sand Castle* ti 1967 sì lè wọ́n ju ti 1932 lọ.

Cupples & Leon ló tẹ Penny Parker, 17 péré, láàárín 1939 sí 1947. Mildred Wirt kan náà ni, àmọ́ orúkọ ara rẹ̀ ló fi síbí. Akọ̀ròyìn lòun fúnra rẹ̀ ní Toledo, bàbá Penny sì ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Mildred sọ ní gbangba pé òun fẹ́ràn Penny ju Nancy lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kó odindi ọ̀wọ́ kan pé, èyí ni iye ìwé inú rẹ̀ kéré jù. Àwọn kan ti ń tún un tẹ̀ lóde òní, nítorí náà orúkọ Cupples & Leon gbọ́dọ̀ hàn lára rẹ̀.

Ti Trixie Belden, ọ̀wọ́ ọmọbìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mìíràn tí ilé iṣẹ́ Whitman bẹ̀rẹ̀ ní 1948, bébà olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n lò, ó sì tètè máa ń pọ́n. Mi ò ní kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Nínú gbogbo wọn, bébà ìbòwé yẹn ni owó wà. Àwọn ọmọdé ló ka ìwé wọ̀nyí, bébà náà ni wọ́n sì kọ́kọ́ fà ya. Ẹ̀dà kan náà tí kò ní in lè má ju ìdá kékeré lọ nínú owó èyí tó ní in. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí òǹtajà ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn àti etí ìbòwé náà ránṣẹ́, pẹ̀lú ojú ewé tí ọdún wà àti ibi tí orúkọ àwọn ìwé wà. Ẹ wò ó dáadáa bóyá òǹtẹ̀ ilé ìkàwé wà níbẹ̀. Bí ó bá kọ̀ láti yà á, ẹ fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún un.