Ìpìlẹ̀ Dẹ́ẹ̀kì ní Ilẹ̀ Òtútù: Búlọ́ọ̀kù, Kọnkéré tàbí Irin Onískúrù?

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn pèpéle onípákó, sẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Minnesota, ìpínlẹ̀ olótùútù kan ní Amẹ́ríkà, sábà máa ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ronú lórí pákó tí yóò rà. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí a ra ilé wa ní Brooklyn Park, mi ò sì bi ọ̀gá tó bá wa ṣiṣẹ́ ní ìbéèrè kan ṣoṣo nípa ohun tí òpó dẹ́ẹ̀kì náà yóò dúró lé. Ohun tí mi ò béèrè yẹn ló gbówó lọ́wọ́ mi. Nítorí náà, ìpìlẹ̀ ni mo fẹ́ fi wéra níhìn-ín. Pákó tó bá bàjẹ́ ṣe é yọ láàárín wákàtí kan, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ tí kò dára máa ń ba gbogbo iṣẹ́ tó wà lórí rẹ̀ jẹ́.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n máa fi lọ̀ yín. Àkọ́kọ́ ni búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ti dà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n kàn máa gbé lé orí ilẹ̀, tí wọn yóò sì ki ẹsẹ̀ òpó bọ ihò tó wà lórí rẹ̀. Èkejì ni kọnkéré tí wọ́n gbẹ́ kòtò fún. Ẹ̀kẹta ni irin onískúrù, ọ̀pá irin tó ní abẹ tó lọ́ yípo nídìí bíi ti skúrù, tí ẹ̀rọ máa ń lọ́ wọnú ilẹ̀.

Nílé lọ́hùn-ún, ohun tí bíríkìlà máa ń fẹ́ mọ̀ ni bóyá ilẹ̀ le tàbí ó jẹ́ àkúrọ̀. Tó bá ti le, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Níbí, ilẹ̀ tó le ní oṣù kẹsàn-án lè gbé dẹ́ẹ̀kì sókè ní oṣù kejì. Omi máa ń fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 tó bá dì, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́ ni wàhálà. Ilẹ̀ tó kúnná, bí amọ̀ àti yẹ̀pẹ̀ lẹ́búlẹ́bú, máa ń fa omi láti ìsàlẹ̀ wá sókè bí òwú àtùpà ṣe ń fa kẹrosíìnì. Omi náà á dì ní ìpele-ìpele, ìpele kọ̀ọ̀kan á sì máa ti ohun tó wà lókè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin ìkọ́lé Minnesota fi ní kí ìpìlẹ̀ wọlẹ̀ tó 42 íǹṣì ní apá gúúsù ìpínlẹ̀ náà, níbi tí Minneapolis àti àwọn ìlú tó yí i ká wà, àti 60 íǹṣì ní apá àríwá.

Búlọ́ọ̀kù mẹ́sàn-án ni ọ̀gá wa gbé kalẹ̀, ó sì fi bóòtù de dẹ́ẹ̀kì náà mọ́ ara ilé. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wà. Ìpìlẹ̀ ilé jìn ju ibi tí ilẹ̀ ń dì dé lọ, kì í yẹ̀. Búlọ́ọ̀kù wà lójú ilẹ̀, bí ilẹ̀ bá gòkè, ó ń bá a gòkè. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, mo fẹ́ jáde lọ kó yìnyín, ilẹ̀kùn onínẹ́ẹ̀tì tó ń ṣí síta kò ṣí. Mo fi èjìká tì í. Ìdí rẹ̀ ń ha pákó dẹ́ẹ̀kì, ó ṣí ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ó sì há. Nígbà tí mo pe ọ̀gá náà, ìfági ló mú wá, ó fá ìdí ilẹ̀kùn náà títí tó fi ṣí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ilẹ̀ yọ́, dẹ́ẹ̀kì sọ̀ kalẹ̀, àlàfo tó ṣẹ́kù lábẹ́ ilẹ̀kùn sì gba ìka méjì, ẹ̀fọn ń gba ibẹ̀ wọlé títí ìgbà ooru fi parí. Lẹ́yìn òtútù kejì, bóòtù ti dẹ̀, òjò ti ń ṣàn gba ẹ̀yìn pákó tí wọ́n fi de dẹ́ẹ̀kì mọ́lé. Mo fi skurudiráfà gún pákó inú ògiri níbẹ̀, ó wọlé títí dé ọwọ́ rẹ̀. Iye tí a fi tún ògiri yẹn ṣe ju iye tí ìpìlẹ̀ gidi ìbá ná wa láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ.

Mi ò sọ pé búlọ́ọ̀kù kò wúlò rárá. Pèpéle kékeré tó rẹlẹ̀, tó dá dúró, tí kò kan ara ilé, lè gòkè kí ó sì sọ̀ láìba nǹkan kan jẹ́, òfin ìlú púpọ̀ sì fàyè gbà á. Ẹ má ṣáà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bóòtù dè é mọ́ ilé yín.

Kọnkéré dára, ó sì dínwó. Kòtò tó fẹ̀ ní 12 íǹṣì, tó jìn ní 42 íǹṣì, máa ń gba nǹkan bí àpò 5 nínú àpò oníwọ̀n 80 pọ́ùn, nítorí náà ẹni tó bá ní òpó mẹ́jọ ti ní 40 àpò láti gbé, kí ó tó kan iyèpẹ̀ tó hú jáde. Òṣìṣẹ́ ìlú gbọ́dọ̀ wá wo kòtò kí wọ́n tó da nǹkan sí i, ààbò ńlá sì ni ìyẹn jẹ́ fún ẹni tó ń sanwó. Dẹ́ẹ̀kì ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì wà lórí kọnkéré, kò sì tíì mì. Ṣùgbọ́n jíjìn nìkan kò tó. Ẹni tó ṣe ọgbà onípákó wa da kọnkéré sí kòtò òpó géètì láìfi páálí róbótó yí i ká, orí rẹ̀ wá gbòòrò bí orí olú. Ilẹ̀ tó dì fi abẹ́ orí yẹn gbá a mú, ó gbé e sókè, títí di òní ni ahọ́n géètì kò sì bá ihò rẹ̀ mu mọ́. Ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ dán, ìdí rẹ̀ ni kí ó gbòòrò.

Irin onískúrù ni mo fi rọ́pò búlọ́ọ̀kù. Ọkùnrin méjì dé pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹwàá, wọ́n ti lọ́ mẹ́fà wọlẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n, kò sí òkìtì iyèpẹ̀, kò sì sí pé à ń dúró kí sìmẹ́ǹtì gan. Bí ilẹ̀ ṣe ń le ni ẹ̀rọ ń fi agbára kún lílọ́, ọwọ́ aago ara rẹ̀ sì ń gòkè; èyí ni wọ́n fi ń mọ ẹrù tí irin kọ̀ọ̀kan lè gbà. Ọ̀pá náà tín-ín-rín, ó dán, yìnyín kò rí ibi púpọ̀ gbá mú. Abẹ ìdí rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ibi tí ilẹ̀ ń dì dé, òun ló sì ń dì í mú. Ó wọ́n ju kọnkéré lọ, òótọ́ ni, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òkúta ńlá lè dá a dúró, ìlú mìíràn sì máa ń béèrè ìwé ẹnjiníà. Mo fa àmì pẹ́ńsù sára ògiri níbi tí ojú pákó wà lọ́jọ́ tí wọ́n parí. Mo ń wò ó ní oṣù kẹta ọdọọdún. Òtútù márùn-ún ti kọjá, àmì àti pákó ṣì wà lójú kan.

Ní ti pákó àti ọgbà: igi páìnì tí wọ́n fi oògùn sí ló dínwó jù, ṣùgbọ́n bàbà inú oògùn tí wọ́n ń lò fún pákó ilé láti 2004 máa ń jẹ ìṣó lásán, ẹ lo èyí tí wọ́n rì sínú síǹkì gbígbóná. Igi sídà dára tó bá jẹ́ pákó tí wọ́n là láti àárín igi. Pákó tí wọ́n fi ike àti ìyẹ̀fun igi pò kò nílò kíkùn, àmọ́ ó máa ń gbóná lábẹ́ oòrùn. Ọgbà oníke máa ń sán tí nǹkan bá gbá a nínú òtútù líle.

Ẹni tó ní agbára, tó ní àkókò nígbà ooru, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì kún fún òkúta, kọnkéré yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ amọ̀, tí dẹ́ẹ̀kì rẹ̀ máa so mọ́ ilé, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń ṣí síta, ẹ jẹ́ kí ó gba iye owó irin onískúrù kí ó tó pinnu. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ pe 811, nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀, ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á wá sàmì sí ibi tí wáyà àti páìpù gáàsì gbà. Kí ẹ tó san àsansílẹ̀, ẹ ní kí ọ̀gá náà kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, ní iye íǹṣì, bí ìpìlẹ̀ yóò ṣe jìn tó.