Gémù baseball wo ló mọ̀ pé apá ajubọ́ọ̀lù máa ń rẹ̀? Strat-O-Matic, OOTP àti MLB The Show lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Ní oṣù September 1964, Philadelphia Phillies fi eré 6½ ṣíwájú nínú líìgì wọn, ó sì ku eré 12 péré kí sáà parí. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Gene Mauch, kò ní sùúrù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Jim Bunning àti Chris Short jáde lẹ́yìn ìsinmi ọjọ́ méjì, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, ni apá ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀ eré máa ń fẹ́. Chico Ruiz, ọmọ Kúbà tó ń gbá fún Cincinnati Reds, ló ṣílẹ̀kùn ìpọ́njú fún wọn ní ọjọ́ 21 oṣù náà: ó sáré jí home plate (ibùdó ìkẹyìn, tí ẹni tó bá dé ibẹ̀ ti gba run, ìyẹn àmì kan) lójú wọn, Reds sì na wọ́n 1-0. Eré mẹ́wàá ni wọ́n pàdánù léraléra. Eré kan ṣoṣo ni St. Louis Cardinals fi gba ife mọ́ wọn lọ́wọ́.

Nítorí náà, kí n tó sanwó fún gémù baseball èyíkéyìí, ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé: bí mo bá hùwà bíi Mauch, ṣé gémù yìí á fi jẹ mí níyà? Gbogbo wọn ló máa ń sọ pé àárẹ̀ wà nínú gémù àwọn. Àárẹ̀ wo? Ọ̀tọ̀ ni kí ó rẹ ènìyàn nínú eré kan, lẹ́yìn bíi ìjù 100. Ọ̀tọ̀ ni kí apá má tíì sinmi tó kí eré mìíràn tó dé. Ọ̀tọ̀ pátápátá sì ni èyí tó ń kó jọ láti April títí dé September, láàárín eré 162, tí bọ́ọ̀lù tó ń fò ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà á wá máa wọ́ nílẹ̀ bó bá ku díẹ̀. Ẹ̀kẹta yìí ni ọjà rẹ̀ wọ́n.

Strat-O-Matic

Hal Richman ló gbé e jáde ní 1961, ó sì ṣì wà lórí àtẹ, ti orí tábìlì àti ti kọ̀ǹpútà. Eléré kọ̀ọ̀kan ló ní káàdì tirẹ̀. Dáìsì mẹ́ta lo máa dà. Èyí tó funfun ló ń sọ òpó tí o máa kà: 1 sí 3, káàdì ẹni tó di igi mú ni, 4 sí 6, káàdì ajubọ́ọ̀lù ni. Ká ní funfun mú 5, tí méjì yòókù jẹ́ 8 lápapọ̀. O lọ sí òpó karùn-ún, ìlà kẹjọ, lórí káàdì ajubọ́ọ̀lù, o sì rí àmì tóótó dúdú kan níwájú èsì ibẹ̀. Bí agbára ṣì wà lára ajubọ́ọ̀lù, wọ́n ti mú ẹni tó gbá a, ó jáde. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, èsì kan náà di single, ẹni yẹn sì ti dé base àkọ́kọ́, ìyẹn ibùdó àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé lẹ́tà S lórí káàdì ló ń sọ inning (ìpín kan nínú mẹ́sàn-án tí eré pín sí) tí àárẹ̀ ti lè bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, iye ẹni tó bá jẹ́ kó dé base lo máa kà. Ìràwọ̀ kékeré tó bá wà níbẹ̀ fi hàn pé ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta tó o. Ẹni tí kò ní i, ọjọ́ mẹ́rin.

Ó dùn gan-an, nítorí ojú rẹ ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n wo bí wọ́n ṣe ń ṣe káàdì yẹn. Èsì gbogbo sáà ni wọ́n fi ṣe é. Bunning borí nínú eré 19 ní 1964, ó pàdánù 8, ERA rẹ̀ (iye run tí ajubọ́ọ̀lù ń jẹ nínú inning mẹ́sàn-án, bó bá kéré ló dára) sì jẹ́ 2.63. Nínú 2.63 yẹn ni perfect game (eré tí ẹnikẹ́ni kò dé base rárá) tó jù fún ẹgbẹ́ New York Mets ní ọjọ́ 21 oṣù June wà, ibẹ̀ náà ni ìyà ìparí September wà. Wọ́n ti ro ó pọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ro àmàlà. Bunning kan náà lo máa bá pàdé ní April àti ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Òfin ìsinmi lè dí ọ lọ́wọ́ láti gbé e jáde, kò sí ohun tó ń kó jọ sára rẹ̀ láti oṣù dé oṣù. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ líìgì ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ fi máa ń ṣòfin pé ajubọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ kọjá iye inning tó jù ní sáà gidi.

Gémù káàdì APBA tí J. Richard Seitz bẹ̀rẹ̀ ní 1951 ní Pennsylvania kò yàtọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí: láti A dé D ni ó ń pín àwọn ajubọ́ọ̀lù, èsì sáà ló sì fi ń pín wọn.

Out of the Park Baseball (OOTP)

Markus Heinsen, ọmọ Jámánì, ló ṣẹ̀dá rẹ̀; orí kọ̀ǹpútà ni, o sì máa ń darí ẹgbẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ilé iṣẹ́ Com2uS ti South Korea ra ilé iṣẹ́ náà ní 2020. Nǹkan bíi dọ́là 40 ni nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́dún kọ̀ọ̀kan, owó rẹ̀ sì máa ń já wálẹ̀ lórí Steam, ọjà gémù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó tó pẹ́. Laptop rẹ ti tó.

Níbí, ajubọ́ọ̀lù kì í ṣe káàdì. Agbára rẹ̀ lè yí padà bí sáà ṣe ń lọ. Bí o bá ń lò ó nígbà tí kò tíì sinmi, ó rọrùn fún un láti farapa, ìfarapa kékeré tí o sì fojú fò dá lè máa dín iṣẹ́ rẹ̀ kù bó ṣe ń jù lọ. Bí o bá jẹ́ kí àwọn scout (àwọn tó ń yẹ eléré wò) máa ṣe ìdíyelé fún ọ, o kò tiẹ̀ ní mọ òótọ́ ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀. August ti dé, ajubọ́ọ̀lù rẹ tó gbóná jù ti ń jẹ run mẹ́rin, márùn-ún lójoojúmọ́ tó bá jáde: ṣé orí ló gbàbọ̀dè fún un ni, àbí èjìká? Ìwọ lo máa pinnu. Irú ìpinnu tí Washington Nationals ṣe lórí Stephen Strasburg nìyẹn ní 2012, nígbà tí wọ́n dá a dúró lẹ́yìn inning 159⅓ nítorí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe sí ìgúnpá rẹ̀ ní 2010. Wọ́n wọ ìdíje ìparí láìsí i, Cardinals sì lé wọn dànù. Títí di òní, àwọn kan ṣì ń bínú sí i.

O tún lè bẹ̀rẹ̀ sáà láti 1871 síhìn-ín, 1964 náà sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Mauch. Àbùkù rẹ̀: ojú ìwé rẹ̀ pọ̀, nọ́ńbà ni níwájú, nọ́ńbà ni lẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ju bọ́ọ̀lù á sùn lọ níwájú rẹ̀.

MLB The Show

Sony San Diego ló ń ṣe é láti 2006. PlayStation nìkan ló wà fún tẹ́lẹ̀, ó dé orí Xbox ní 2021. Nǹkan bíi dọ́là 70 ni lórí PS5. Ìwọ fúnra rẹ lò ń jù, o sì ń wo agbára ajubọ́ọ̀lù tó ń lọ sílẹ̀ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń dẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Àárẹ̀ àkọ́kọ́ kò dára ní ibòmíràn tó báyìí. Ẹ̀kejì náà wà níbẹ̀. Ti sáà ńkọ́? Wọ́n máa ń yí agbára àwọn eléré padà bí wọ́n bá ṣe ń ṣe sí ní pápá gidi, nítorí náà ajubọ́ọ̀lù rẹ lè dínkù ní August. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ní Amẹ́ríkà ló fà á, kì í ṣe bí o ṣe lò ó nílé rẹ. Lójú tèmi, ìyẹn kò kan Mauch rárá.

Bí September bá ká ọ lára, OOTP ni kí o ra. Bí ọ̀rẹ́ mẹ́rin bá máa ń pàdé ní ilé rẹ ní Sátidé, Strat-O-Matic ni, kẹ́ ẹ sì kọ òfin inning yín sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó da dáìsì. Ẹni tó ra OOTP, má ṣe pa ìfarapa nínú ètò rẹ̀ nítorí pé ó ń bí ọ nínú. Bí o bá ti pa á, wàá lè gbé Bunning jáde lẹ́yìn ọjọ́ méjì láìsí ìbẹ̀rù púpọ̀, ohun tí o sì tìtorí ẹ̀ ná dọ́là 40 ti lọ nìyẹn.