Àbẹ̀kẹ́, Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Sidmouth

Owó ìwọlé ni àwa tí a ń gbé ìlú Òyìnbó máa ń kọ́kọ́ béèrè, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ọ̀fẹ́ ni. Ní The Donkey Sanctuary, ibi ààbò àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí ó wà lẹ́bàá ìlú Sidmouth ní Devon, àlejò kì í san kọ́bọ̀ kí ó tó wọlé. Ìnáwó tí ó wà níbẹ̀ ni ti ọ̀nà. Sidmouth kò ní ibùdókọ̀ ojú irin mọ́ láti ọdún 1967, èmi kò sì ní ọkọ̀, nítorí náà mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Waterloo ní London dé Honiton, mo sì gba takisí láti ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ báyìí, n kò sì kábàámọ̀ owó náà.

Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni ó júwe ibẹ̀ fún mi. Ó ti ṣàkíyèsí pé n kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá mi ti kú ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní nǹkan bí ọdún méjì ṣáájú, ní àsìkò tí ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde, tí ó jẹ́ pé bí mo bá fi ẹsẹ̀ kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, n kò ní rí ọ̀nà padà wọlé sọ́dọ̀ àwọn ọmọ mi. Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú náà. Bí wọ́n ti ń gbé pósí bọ̀ wá sí ẹnu ibojì ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Ìgbà tí àwòrán yóò fi padà, àwọn ènìyàn ti ń pín oúnjẹ. Láti ọjọ́ náà ni ìgbàgbọ́ mi ti di ohun tí mo ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí mo sì ń gbé padà bọ̀ láìtú u wò, bí ẹrù tí a bá ẹlòmíràn gbé. Mo ń kọrin, mo ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ni.

Obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Elisabeth Svendsen, tí ó ń ṣe iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, ni ó dá ibi ààbò náà sílẹ̀ ní ọdún 1969. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan ṣoṣo ni ó kọ́kọ́ rà. Ní ọdún 1974, obìnrin mìíràn tí òun náà ń tọ́jú àwọn ẹran wọ̀nyí kú, ó sì fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ 204 sílẹ̀ fún un nínú ìwé ìpíngún rẹ̀. Mo mọ ìyà tí ìdílé wa jẹ lórí ogún ilé kan ṣoṣo, ká má tíì sọ ti ogún tí ń jẹ koríko. Svendsen gbà wọ́n lápapọ̀. Nígbà tí òun náà fi kú ní 2011, iṣẹ́ náà ti dé Ethiopia, India àti Mexico. Àwa ọmọ Áfíríkà pàápàá ní ìdí láti mọ̀ nípa rẹ̀, nítorí pé òwò awọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, tí wọ́n ń kó lọ sí Ṣáínà láti fi ṣe oògùn, ti run púpọ̀ nínú wọn, títí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà fi fòfin dè é ní oṣù Kejì ọdún 2024 fún ọdún 15.

Èmi fúnra mi kò ka kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sí ohun kan rí. Èébú ni orúkọ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Ẹni tí kò bá mọ ìṣirò ni tíṣà máa ń pè bẹ́ẹ̀. Inú Bíbélì nìkan ni mo ti mọ̀ ọ́n sí rere, ti Báláámù tí Olúwa là lóhùn, àti èyí tí Jésù gùn wọ Jerúsálẹ́mù.

Kárọ́ọ̀tì kún inú báàgì mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Olùtọ́jú kan, ọ̀dọ́mọbìnrin tí bàtà òjò rẹ̀ dé orúnkún, fi ọ̀wọ̀ sọ fún mi pé àlejò kì í fún wọn ní oúnjẹ, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ tí mo fi gbà: ilẹ̀ gbígbẹ Áfíríkà ni ìran wọn ti ṣẹ̀, pòròpórò ọkà báálì sì tó wọn jẹ, bí oúnjẹ aládùn bá pọ̀ jù, wọn a sanra, pátákò ẹsẹ̀ wọn a sì máa dùn wọ́n débi pé wọn kò ní lè rìn. Mo dá kárọ́ọ̀tì mi padà sínú báàgì. Ohun tí mo fẹ́ fi ra ojúrere wọn ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn, ó wá ku èmi nìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan ni ó wá bá mi. Abo ni, àwọ̀ eérú ni irun rẹ̀, ìlà dúdú kan gba ẹ̀yìn rẹ̀ já, òmíràn dábùú èjìká rẹ̀, méjèèjì sì di àgbélébùú. Àwọn Kristẹni ilẹ̀ yìí máa ń sọ pé ẹni tí ìran rẹ̀ gbé wọ Jerúsálẹ́mù ni ó fi àmì náà sílẹ̀ fún un. Ìtàn ni, ṣùgbọ́n n kò lè mójú kúrò lára rẹ̀. Ó rìn dé ibi tí ó kù bí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí mi, ó dúró. Mo pè é, kò mira. Mo tún pè é, etí kan ṣoṣo ni ó yí sí mi. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó sún mọ́ mi, tí ó sì gbé àgbọ̀n lé orí igi ọgbà. Orúkọ Òyìnbó wà lára ìdè ọrùn rẹ̀, ṣùgbọ́n Àbẹ̀kẹ́ ni mo sọ ọ́, nítorí pé mo bẹ̀ ẹ́ kí n tó rí i kẹ́.

Olùtọ́jú náà ní kì í ṣe oríkunkun. Ẹṣin a máa sá bí ẹ̀rù bá bà á, ṣùgbọ́n kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ a dúró gbagidi, yóò ro ohun tí ó rí dé òpin, kò sì sí ẹni tí yóò fi ipá tì í títí yóò fi parí ìrònú rẹ̀. Mo rántí ọdún méjì tí àwọn ìyá ìjọ wa fi ń tì mí pé kí n gbàgbé, kí n máa yọ̀ nínú Olúwa.

Mo béèrè ìdí tí òmíràn fi ń tẹ̀ lé Àbẹ̀kẹ́ bí òjìji. Ó ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Méjì-méjì ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń bára wọn ṣọ̀rẹ́, a kì í sì í ya irú wọn níyà: bí wọ́n bá fẹ́ mú ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, wọn a mú ìkejì tẹ̀ lé e, nítorí pé èyí tí a bá dá fi sílẹ̀ lè kọ oúnjẹ, àìjẹun náà nìkan sì tó láti pa á. Bí ọ̀kan bá wá kú, wọn kì í sáré gbé òkú rẹ̀ kúrò. Wọn a fi ìkejì sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó gbóòórùn rẹ̀, kí ó fi imú tì í, kí ó dúró tì í títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi yí ẹ̀yìn padà. Èyí tí kò bá rí òkú a máa wá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kiri, a sì máa ké.

Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Devon ni mo wà, lórí ilẹ̀ tí ó pupa bí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọmọ ọlọ́mọ sì ti fi ọ̀rọ̀ ẹran sọ ohun tí ó ń ṣe mí. N kò rí òkú ìyá mi. Mo ń wá a kiri. Olùtọ́jú náà gbọ́n, ó rọra bá tirẹ̀ lọ. Àbẹ̀kẹ́ kò lọ. Ó fi iwájú orí ti àyà mi, ó dúró, èémí rẹ̀ sì gbóná lára aṣọ òtútù mi. Mo sunkún. Lẹ́yìn náà ni mo gbàdúrà, àdúrà tí kò lẹ́wà rárá, tí mo fi ń bi Ọlọ́run ní ohun tí mo ti ń bẹ̀rù láti bi í. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pe "Baba" ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ọ̀rẹ́ Àbẹ̀kẹ́ la ẹnu, ó sì ké. Ẹni tí kò bá gbọ́ igbe kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rí, kí ó rántí irin kànga tí ó ti dípẹtà, tí ọmọdé méjì ń fà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn yòókù gbè é. Ẹ̀rín pa mí débi pé mo di igi ọgbà mú. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àmín tí ó dún tó bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, kí ó wọ bàtà tí kò bẹ̀rù ẹrẹ̀. Àárín ọ̀sẹ̀ ni ó dára fún ẹni tí ó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́, nítorí pé wọ́n gba ajá láàyè bí a bá so ó mọ́ okùn, àwọn Òyìnbó sì mọ ajá mú jáde. Tíì àti oúnjẹ wà níbẹ̀. Ẹni tí kò lè jẹun láìsí ata, kí ó di tirẹ̀ dání bí mo ti ṣe. A tún lè sanwó láti gba kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan ṣọmọ, wọn a sì fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́. Mo ṣe é fún àbíkẹ́yìn mi, ó sì ti ń béèrè bóyá ẹ̀gbọ́n òun ni tàbí àbúrò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ná owó ọkọ̀ láti London yẹ kí ó mọ èyí pẹ̀lú: ojúrere ẹran náà kì í ṣe títà. Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo dúró fún wákàtí méjì, Àbẹ̀kẹ́ kò tilẹ̀ wò mí. Pòròpórò ni ó ń jẹ.

Òjò ni ó ń rọ̀ ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Irun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kì í lé omi bí ti ẹṣin, nítorí náà gbogbo wọn ti sá sábẹ́ àtíbàbà, Àbẹ̀kẹ́ sì yọ orí síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo ṣí agboòrùn, mo dúró níwájú wọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ìyá mi, èyí tí ó yẹ kí n kì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Takisí tí mo pè dé ẹnu ọ̀nà. Awakọ̀ fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, ó tún fọn ọ́n. Etí Àbẹ̀kẹ́ yí síbẹ̀, ó sì yí padà sọ́dọ̀ mi. Mo ń kì í lọ.