Milo, ajá tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀: àgbéyẹ̀wò ilé ìtọ́jú ajá tó fi í lé wa lọ́wọ́

Tí ẹ bá ń wá ibi tí wọ́n ti máa fún yín lájá lọ́jọ́ tí ẹ bá débẹ̀ gan-an, ibi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kọ́. Ilé ìtọ́jú ajá kékeré kan ni, ní Kent, ní England níbí. Owó ìtọrẹ àánú ni wọ́n fi ń gbé e ró, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni kì í sì í gba kọ́bọ̀. Milo ni wọ́n sọ ajá tí wọ́n fún wa, a ò sì yí orúkọ náà padà torí àwọ̀ rẹ̀ bá a mu. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ Border Collie wà lára rẹ̀, ìyẹn àwọn ajá tí wọ́n fi ń da àgùntàn. Agbára rẹ̀ ju ti gbogbo ajá tí mo ti rí rí lọ, bẹ́ẹ̀ ló sì ń bẹ̀rù gbogbo nǹkan: ọkùnrin tó bá dé fìlà, ilẹ̀kùn tó bá dún, báàgì ìdọ̀tí tí atẹ́gùn ń fẹ́, ọwọ́ èèyàn tó bá ti òkè orí rẹ̀ wá. Mo fún iṣẹ́ wọn ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún, màá sì sọ ibi tí ìkan tó kù já bọ́ sí.

Màmá mi l'Ábẹ́òkúta ló kọ́kọ́ bi mí pé kí ló dé tí wọ́n ń yẹ ilé èèyàn wò torí ajá. Nílé, ẹni tó bá fẹ́ ajá á lọ bá aládùúgbò tí ajá rẹ̀ bímọ, ọ̀rọ̀ bùṣe. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ọjọ́ ti pẹ́ táwọn ará ibí ti ń ṣe é. Mary Tealby dá ilé àwọn ajá tó sọnù sílẹ̀ ní Holloway, ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1860. Lọ́dún 1871 ni wọ́n kó ilé náà lọ sí Battersea tí wọ́n fi ń pè é títí dòní. Dogs Trust, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń wá ilé fún ajá, ti wà láti ọdún 1891, àwọn ló sì gbé ọ̀rọ̀ yẹn jáde lọ́dún 1978 pé gbogbo ọjọ́ ayé ajá lẹ fi ń gbà á, kì í ṣe Kérésì nìkan. Ọ̀rọ̀ yẹn ló yé màmá mi jù nínú gbogbo àlàyé mi. Wọ́n ní, "Ṣé àwọn kan máa ń gbà á, wọ́n á tún dá a padà ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti dá èyí padà rí.

Ojú títì ni òṣìṣẹ́ káńsù ti mú Milo. Òfin ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú irú ajá bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 7 kí olówó rẹ̀ lè wá a wá, tí kò bá sẹ́ni tó yọjú, wọ́n lè fi í fún ẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tó yọjú fún un. Ìdílé tó kọ́kọ́ gbà á lẹ́yìn ìyẹn dá a padà torí pé ó fo fẹ́ǹsì wọn, ó sì ha ilẹ̀kùn kíṣìnì títí igi fi yọ. Gbogbo èyí làwọn ilé ajá yìí sọ fún wa kí a tó fojú kàn án. Wọ́n tún fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́, ibi tó ti ń ṣeré àti ibi tó ti há sí kọ̀rọ̀ tí gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọjà òun tà kíá ò ní fi fídíò kejì yẹn han ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọkàn tán wọn.

Fọ́ọ̀mù wọn gùn. Ta ló ń wà nílé lọ́sàn-án? Ta ló ń ṣiṣẹ́ òru? (Èmi ni, nọ́ọ̀sì ni mí.) Ọmọ ọdún mélòó ló wà nílé? Fẹ́ǹsì ẹ̀yìnkùlé ga tó báwo? Lẹ́yìn fọ́ọ̀mù, wọ́n pè wá lórí fóònù, wọ́n sì bi wá ní ìbéèrè kan tí mo gbà pé òun gan-an ni ọkàn iṣẹ́ wọn: "Tó bá di oṣù mẹ́fà tí kò tíì jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kan òun ńkọ́?" Ọkọ mi ló dáhùn. Ó ní, "Á máa gbé ìhà tiẹ̀, àwa náà á máa gbé ìhà tiwa, oúnjẹ rẹ̀ ò sì ní wọ́n." Obìnrin tó wà lórí fóònù dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní ká máa bọ̀.

Ohun tí wọ́n kọ́ wa lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ rí Milo kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Wàràkàṣì gígé wẹ́wẹ́ wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti fẹ́ nawọ́ rẹ̀ sí i bí gbogbo èèyàn ṣe máa ń ṣe. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ ní, "Ẹ má nà án sí i. Ẹ jókòó, ẹ kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, kẹ́ ẹ wá jù ú sẹ́yìn rẹ̀." Sẹ́yìn rẹ̀ kẹ̀? Ó ṣàlàyé. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ mi ni ajá ti máa gba oúnjẹ, ebi á máa fà á síwájú, ẹ̀rù á máa fà á sẹ́yìn. Tó bá wá jẹ ẹ́ tán, á ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé òun ti sún mọ́ àlejò jù, ìpayà á sì mú un, ibẹ̀ lajá ti ń géni jẹ. Ṣùgbọ́n tí oúnjẹ bá bọ́ sẹ́yìn, á yí padà lọ jẹ ẹ́, ọkàn rẹ̀ á rọlẹ̀, á sì padà wá fúnra rẹ̀ láti wò ó bóyá òmíràn tún wà. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ó ki ìrù bọ abẹ́ ikùn, etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí, funfun ẹyin ojú rẹ̀ hàn, ó ń yán, ó ń lá ètè bẹ́ẹ̀ kò sí oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ń tọ́ka sí wọn fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan: yíyán yẹn kì í ṣe oorun, ẹ̀rù ni. Nígbà tó máa fi padà wá wo wàràkàṣì mìíràn, ìrù ti jáde díẹ̀. Ó ní ó tó fún ọjọ́ yẹn, kí a máa lọ sílé.

Bí wọ́n ṣe ń dá wa padà nìyẹn, ọ̀pọ̀ ìgbà, kí wọ́n tó gbà ká mú un lọ. Ó sú ọkọ mi díẹ̀. Kò sú èmi.

Wọ́n wá wo ilé. Wọ́n ní ká fi pákó kún fẹ́ǹsì, owó rẹ̀ sì ju owó tí a san lórí ajá náà lọ. Wọ́n ní ká wá kọ̀rọ̀ kan tí kò sẹ́ni tó máa ń gbà kọjá, ká gbé àgò rẹ̀ síbẹ̀, ká da búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, ká má ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ọmọkùnrin wa má sì ṣe fa ajá jáde níbẹ̀ láé. Okùn méjì ló gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ tó bá ń jáde, ọ̀kan lọ́rùn, ọ̀kan lára bẹ́líìtì tó gba àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀, torí pé ajá tí ìpayà bá mú lè fi ẹ̀yìn rìn bọ́ kúrò nínú okùn ọrùn ní ìṣẹ́jú àáyá. Wọ́n tún ní ìlànà kan tí gbogbo àwọn onílé ajá níbí mọ̀: ọjọ́ mẹ́ta kí ara rẹ̀ tó wálẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó mọ bí ilé ṣe ń lọ, oṣù mẹ́ta kó tó gbà pé ilé òun nìyí. Fún ajá bíi Milo, wọ́n ní ká fi púpọ̀ kún un.

Ibi tó ti le fún wa ni ti àlejò. Wọ́n ní kí àlejò má wá fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, bẹ́ẹ̀ ilé Yorùbá ni ilé wa, èèyàn kì í pè kó tó wá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin pè mí, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ṣé ajá ló wá ń sọ ìgbà tí mo lè wá sílé àbúrò mi?" Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì gbà, ṣùgbọ́n ó dùn wọ́n, mo sì mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tí àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wá, a rí nǹkan tí kò sí nínú ìwé ìtọ́ni kankan: àwọn ọmọ tó ń kúnlẹ̀, tó ń dọ̀bálẹ̀ láti kí wa. Kí èèyàn ṣàdédé wólẹ̀ níwájú ajá onípayà, ó burú jù fún un. Milo á gbó, á sì sá gorí àga tìmùtìmù, itọ́ á máa yọ lẹ́nu rẹ̀. Mo pe ilé ajá. Ẹni tó gbé fóònù kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kò fi wá ṣe ẹlẹ́yà. Ó ní ká ra géètì kékeré tí wọ́n ń fi sẹ́nu àtẹ̀gùn nítorí ọmọdé, kí Milo wà lẹ́yìn rẹ̀ títí ìkíni á fi parí, kí àlejò jókòó kó tó wọlé, kí wọ́n má wò ó lójú, kí kálukú sì ní oúnjẹ díẹ̀ lọ́wọ́ láti jù sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló wá mọ̀ ọ́n ṣe jù nínú gbogbo wa báyìí.

Ọ̀rọ̀ agbára rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ ni pé ajá tí kì í gbé jẹ́ẹ́, ẹ mú un lọ sí páàkì, ẹ jẹ́ kó sáré títí á fi rẹ̀ ẹ́. Ilé ajá yìí ní rárá, mo sì ti fojú ara mi rí i pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní páàkì, ajá mìíràn á sáré wá bá a, ọmọdé á pariwo, kẹ̀kẹ́ á kọjá. Ẹ̀rù ajá dà bíi gbèsè, ti òní ń gorí ti àná. Dókítà ẹran ṣàlàyé pé ohun tí ìpayà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ajá lè pẹ́ kó tó lọ tán, ó sì lè ju ọjọ́ kan lọ. Nítorí náà, tí ọjọ́ kan bá burú, a kì í gbé e jáde lọ́jọ́ kejì. A máa ń fọ́n oúnjẹ rẹ̀ sínú koríko ẹ̀yìnkùlé kó máa fi imú wá a. A máa ń di oúnjẹ tútù sínú rọ́bà Kong, ìyẹn ohun ìṣeré ajá tí inú rẹ̀ ṣófo, ká fi sínú fírísà. A máa ń fi sọ́sééjì pamọ́ káàkiri pálọ̀ kó lọ wá a jáde. Ajá tí wọ́n bí fún iṣẹ́ ni, orí rẹ̀ ló ń béèrè iṣẹ́ ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Tó bá ti wá nǹkan fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, oorun ni. Fún sísáré, àwọn àgbẹ̀ kan níbí ń háyà pápá tí wọ́n ṣe fẹ́ǹsì yí ká fún wákàtí kan kan, èèyàn àti ajá rẹ̀ nìkan ni yóò wà níbẹ̀. Ibẹ̀ la ti kọ́kọ́ rí i bí Milo ṣe lè sáré tó.

Oúnjẹ wa náà ní láti yí padà. Àlùbọ́sà, yálà tútù tàbí sísè, ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ, ọbẹ̀ Yorùbá wo ni kò ní àlùbọ́sà? Èso àjàrà àti ṣokoléètì léwu fún un, eegun adìyẹ tí iná ti kàn máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ sínú ìfun. Torí náà, kò sí àjẹkù ọbẹ̀ fún ajá nílé wa mọ́, bó ti wù kó wò wá tó.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ: kò sẹ́ni tó ń gbé fóònù wọn lẹ́yìn tí ọ́fíìsì bá ti pa. Alẹ́ ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá, ìyẹn Bonfire Night, òfin gbà kí wọ́n yin báńgà sójú ọ̀run títí di ààjìn òru. Milo gun ibi ìwẹ̀ lọ, ó dúró síbẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò mu omi. Mo pè wọ́n títí, ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn. Ẹni tó bá ń fi ajá bẹ́ẹ̀ lé èèyàn lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n pè padà láàárọ̀, wọ́n sì tọ̀nà nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ, pé ká lọ gba oògùn ìpayà lọ́wọ́ dókítà ẹran ṣáájú ọdún tó ń bọ̀, ká ti fèrèsé àti kọ́tìnnì kí ilẹ̀ tó ṣú, ká tan rédíò sókè. Ṣùgbọ́n àárọ̀ ti pẹ́ jù.

Milo ṣì ń bẹ̀rù fìlà. Ó ń jẹ́ kí èmi àti ọkọ mi fọwọ́ pa òun lára, ọmọ wa ló sì fẹ́ràn jù. Tó bá jẹ́ pé ẹ ní ọmọ kékeré nílé, tàbí iṣẹ́ ń lé gbogbo yín jáde láti àárọ̀ di alẹ́, ẹ má gba irú ajá yìí, ilé ajá náà ò sì ní fún yín. Ẹni tó bá ní àyè àti sùúrù, mo gbà á níyànjú gidi gan-an.

Owó tí a san ti ká abẹ́rẹ́ àjẹsára, oògùn aràn, títẹ̀ ẹ́ lọ́dàá àti chip abẹ́ awọ rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ bíńtín tó ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó ni ajá. Chip ti di dandan ní England láti oṣù kẹrin ọdún 2016, ẹ̀yin lẹ sì gbọ́dọ̀ rí i pé orúkọ àti àdírẹ́sì yín ló wà nínú àkọsílẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀, torí owó ìtanràn lè tó £500. Ẹ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì sórí àmì tó wà lọ́rùn rẹ̀ pẹ̀lú, òfin tirẹ̀ ti wà láti 1992. Ẹ ṣe méjèèjì kí ajá tó fẹsẹ̀ kan ojú títì.