Chaplin ni wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí, Marie Dressler ló ni eré

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo yà sí ìsọ̀ kan ní agbègbè Òkèṣà ní Adó-Èkìtì, níbi tí wọ́n ti ń ta sídì tí wọ́n sì ń bá ènìyàn kó fíìmù sínú fíláàṣì, mo sì fi 700 náírà ra Tillie's Punctured Romance, fíìmù aláwàdà aláìlóhùn tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1914. Àwòrán Charlie Chaplin nìkan ni ó wà lára páálí rẹ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Chaplin inú eré yìí kì í ṣe aláìnílé tí a fẹ́ràn nínú àwọn fíìmù rẹ̀ yòókù. Gbájúẹ̀ ìgboro ni, tí ó tan Tillie, ọmọ àgbẹ̀ kan, kí ó lè rí owó bàbá rẹ̀ jẹ, bẹ́ẹ̀ ó ní ọ̀rẹ́bìnrin mìíràn nílé, ìyẹn Mabel Normand.

Dressler, tí ó ṣe Tillie, ló ni eré. Láti ọdún 1910 ni ó ti ń ṣe ipa náà lórí ìtàgé ní New York, ó sì ti tó ẹni ọdún 45 nígbà tí Mack Sennett, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ fíìmù Keystone, gbé e síwájú kámẹ́rà. Chaplin, ọmọ ọdún 25, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ fíìmù lọ́dún yẹn ni. Àwa tí a rí bí Moses Ọláìyá ṣe gbé àwàdà orí ìtàgé wọ inú sinimá mọ ọ̀nà tí Dressler tọ̀. Obìnrin tó síngbọnlẹ̀ ni, nígbà tí ó sì mutí yó tí ó bẹ̀rẹ̀ ijó, gbogbo ara rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, a kò tilẹ̀ rántí pé kò sí ohùn. Róòlù kan tàbí méjì, ìyẹn ìká fíìmù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lọ, ni àwàdà sinimá sábà máa ń jẹ́ nígbà náà. Mẹ́fà ni Sennett ṣe, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pè é ní àwàdà gígùn àkọ́kọ́ nínú sinimá Amẹ́ríkà.

Ẹ̀dà tí wọ́n tà fún mi kò tó wákàtí kan, ó sì ń sáré kọjá ààlà bí ẹni pé wọ́n ń lé àwọn òṣèré náà. Mo dá a padà ní ọjọ́ Ajé. Ọmọkùnrin tó ni ìsọ̀ náà kò jiyàn. Ó wá ẹ̀dà tó lé ní ìṣẹ́jú 80 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì gba kọ́bọ̀ lé e. Nínú èyí ni mo ti rí ibi tó dùn jù: Chaplin àti Mabel, lẹ́yìn tí wọ́n jí owó Tillie, lọ wo sinimá, olè bíi tiwọn ni wọ́n sì bá nínú fíìmù náà. Bí wọ́n ṣe ń wo ìyà olè yẹn ni ojú ń tì wọ́n, ni ọkùnrin tó jókòó tì wọ́n bá ṣí ẹ̀wù, báàjì agbófinró sì yọ ní àyà rẹ̀.

Mo bẹ ọmọkùnrin náà pé kí ó kọ orúkọ Dressler sára sídì tuntun náà. Ó ní, “Bàbá, ta ló mọ̀ ọ́n?” Chaplin náà ló tún kọ.