Ẹ̀rọ ìwọn ọ́síjìn inú omi: oníawọ, onímọ́lẹ̀ tàbí ìgò Winkler?

Ẹni tó fẹ́ sin edé tàbí ẹja òkun sínú táǹkì ìwádìí ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí òkun jìnnà sí, kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ ọ́síjìn ṣeré. Omi lè mọ́ gaara, kí ẹja sì ti máa yanu sókè kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní tiwa, ẹ̀rọ onímọ́lẹ̀, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn ọ́síjìn, ni kí ẹ rà bí agbára bá gbé e, kí ẹ sì ní ìgò Winkler, tí a ń fi kẹ́míkà wọn ọ́síjìn nínú rẹ̀, nílé tí ẹ ó fi máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá jẹ́ adágún ẹja àrọ̀ lásán ni, ẹ̀rọ oníawọ tó.

Oníawọ ni owó rẹ̀ kéré jù nínú ẹ̀rọ méjèèjì. Awọ fẹ́lẹ́ kan ló bo ẹnu ọ̀pá rẹ̀, omi oníyọ̀ sì wà lábẹ́ awọ náà. Bó ti ń wọn ọ́síjìn náà ló ń jẹ ẹ́. Nítorí náà, bí omi bá dúró sójú kan, nọ́ńbà á máa lọ sílẹ̀, ẹ ó sì rò pé omi ló bàjẹ́. Ẹ máa ro omi náà pọ̀ bí ẹ ti ń wọ̀n ọ́n. Bí nọ́ńbà bá ń fò sókè sódò, ẹ gbé ẹnu ọ̀pá síbi ìmọ́lẹ̀: ìhó tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ lábẹ́ awọ ló sábà máa ń fà á. Ẹ da omi oníyọ̀ náà nù, ẹ rọ tuntun kó kún dé etí, ẹ fi ìka ta á kí ìhó jáde, kí ẹ tó dé e padà. Ẹrẹ̀ tó ń rùn bí ẹyin tó ti dọ̀bu máa ń ba irú ọ̀pá yìí jẹ́.

Onímọ́lẹ̀ kì í jẹ ọ́síjìn, kò sì dìgbà tí ẹ bá ro omi. Ó wọ́n, fìlà ẹnu rẹ̀ sì máa ń gbó láàárín ọdún kan sí méjì. Ẹ béèrè iye fìlà náà kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì mọ ibi tí ẹ ó ti rí i rà. Ẹ má fi sípíríìtì nù ún.

Ìgò Winkler ti wà láti 1888, kò sì fẹ́ bátìrì. Ẹ bu omi kún ìgò 300 mìlílítà láìsí ìhó kankan nínú rẹ̀. Ẹ fi manganese sulphate mìlílítà 1 sí i, àti alkaline iodide mìlílítà 1. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun túmọ̀ sí pé ọ́síjìn ti tán; èyí tó rí bíi kọfí túmọ̀ sí pé ó wà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi sulphuric acid mìlílítà 1 tú u. Ẹ wọn mìlílítà 201 jáde, ẹ máa kán thiosulphate 0.025 N sí i. Bó bá ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ fi sítáàṣì sí i, á dúdú bí aró, ẹ máa kán an lọ títí aró yóò fi parẹ́. Mìlílítà 1 thiosulphate tí ẹ bá kán sí i dúró fún mílígíráàmù 1 ọ́síjìn nínú lítà kan. Thiosulphate tó ti pẹ́ nílẹ̀ máa ń purọ́.

Ẹ̀rọ yòówù kí ẹ rà, ẹ wò ó bóyá ó ní ibi tí a ti ń tẹ iyọ̀ àti gíga ilẹ̀ sí. Ní 28°C létí òkun, omi tí kò níyọ̀ tí ọ́síjìn kún gba bíi mílígíráàmù 7.8 nínú lítà kan. Omi òkun gba 6.4 péré. Ògbómọ̀ṣọ́ ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní 300 mítà, èyí sì tún ń yọ bíi 4 nínú 100 kúrò. Bí iyọ̀ bá wà ní òdo lórí ẹ̀rọ, 7.8 ni yóò máa kà fún edé tó ń mí 6.4.